Níbo ló yẹ kí Sunshine Stars kọ́ kámpù sí? Ẹ jẹ́ ká tú ọ̀rọ̀ yìí palẹ̀

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ Olóyèmẹ́kùn àti gbogbo ọmọ ìpínlẹ̀ Oǹdó nílé lóko. Tẹ́ ẹ bá ti jókòó níbi tí wọ́n ti ń wo bọ́ọ̀lù ní Àkúrẹ́ lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, ẹ ó ti rí i pé bí wọ́n bá ti pa tẹlifíṣọ̀n lẹ́yìn eré àwọn òyìnbó, ọ̀rọ̀ Sunshine Stars, ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù ìpínlẹ̀ wa, ló máa ń kàn, pé níbo gan-an ló yẹ kí wọ́n kọ́ ibi tí wọ́n á ti máa ṣe tréníìnì sí. Ẹnì kan á ní Ọ̀bà-Ilé ni, èkejì á ní irọ́ ni, ọ̀nà Ìdànrè ni, ẹni tó wá láti ìlú Oǹdó á dìde dúró á ní ṣé Àkúrẹ́ nìkan ló ni ìpínlẹ̀ yìí ni, ariwo á sọ, ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù á ní kí gbogbo wa máa lọ sílé.

Èmi náà ti pariwo níbẹ̀ rí, mi ò ní purọ́. Ìgbà tí mo wá fara balẹ̀ ni mo rí i pé ohun ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ là ń sọ. Ẹnì kan ń sọ stadium, ẹnì kejì ń sọ kámpù, ẹnì kẹta ń sọ akádẹ́mì fún àwọn ọmọdé, a wá ń pe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lórúkọ kan náà. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n jókòó kọ èyí.

Kámpù tí wọ́n ń sọ yìí, ṣé kì í ṣe stadium náà ni?

Rárá o. Stadium dà bíi gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń ṣe ìgbéyàwó, kámpù wá ni ẹ̀yìnkùlé tí wọ́n ti ń se ìrẹsì. Àlejò kì í dé ẹ̀yìnkùlé, àmọ́ tí iná ò bá jó níbẹ̀, àwọn tó wọ aṣọ ẹbí jókòó sí gbọ̀ngàn lebi máa pa. Kílọ́ọ̀bù 20 ló ń gbá NPFL, líìgì tó ga jù ní Nàìjíríà, ìyẹn ni pé eré 19 péré ni kílọ́ọ̀bù kan máa gbá nílé ní sáà kan. Tréníìnì ńkọ́? Ọjọ́ márùn-ún sí mẹ́fà lọ́sẹ̀ ni, nígbà mìíràn láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan náà.

Tí pápá kan ṣoṣo bá wá ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì, koríko ló máa jìyà ẹ̀. Ẹ lọ wo pápá tí wọ́n ń lò láìsinmi nígbà òjò, iwájú gòólù ni kẹ́ ẹ wò. Ibẹ̀ ni aṣọ́lé máa ń dúró, ibẹ̀ ló ti ń fò tó ti ń ṣubú, koríko ibẹ̀ á ti pá bí orí bàbá àgbà, ilẹ̀ á jìn wọnú, omi á wá dúró síbẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n gbé agbada sílẹ̀, wọ́n á da yanrìn sí i, tó bá di ọjọ́ kejì yanrìn á ti rì, agbada á tún kún. Kóòṣì tó fẹ́ kí wọ́n máa gba bọ́ọ̀lù sílẹ̀ láti ẹ̀yìn, lórí irú pápá yẹn, ṣé kì í ṣe pé ó ń ṣeré ni?

Kámpù tó péye máa ń ní pápá méjì tàbí mẹ́ta, yàrá ìpààrọ̀ aṣọ, ibi tí wọ́n ti ń gbé irin, yàrá dókítà, ilé ìdáná, ibùsùn fún àwọn tó wá láti ọ̀nà jíjìn, àti kíláàsì, torí àwọn ọmọ kékeré tó wà níbẹ̀ gbọ́dọ̀ máa kàwé. Ẹ má sì gbàgbé pé ọ̀rọ̀ yìí ò kan Sunshine Stars nìkan, Sunshine Queens tó jẹ́ tàwọn obìnrin wà níbẹ̀, Rising Stars tó jẹ́ tàwọn ọ̀dọ́ náà wà níbẹ̀. Ẹgbẹ́ mẹ́ta rèé tó fẹ́ jẹun nínú ìkòkò kan.

Kí ló dé tó fi jẹ́ pé ọ̀rọ̀ yìí ò tán lẹ́nu àwa fáàn?

Ìtàn ló fà á. Ní 2011, Sunshine Stars dé sẹmi-fáínà Confederation Cup, ife tí CAF, àjọ tó ń darí bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Áfíríkà, ń ṣe. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, 2012, wọ́n tún dé sẹmi-fáínà Champions League ilẹ̀ Áfíríkà, wọ́n sì ko Al Ahly tìlẹ̀ Íjíbítì lójú. Eré àkọ́kọ́ parí sí 3-3, wọ́n lọ fi 1-0 nà wá ní Cairo, Al Ahly ló sì padà gba ife ọ̀hún. Gbogbo ayé ló mọ̀ pé wọn ò dójú tì wá.

Ohun tó ń dunni ni pé eré 3-3 yẹn, tó jẹ́ pé ilé wa la ní a ti gbá a, Ìjẹ̀bú-Òde ni wọ́n ti gbá a, ní Dipo Dina Stadium. Ẹni tó wà ní Àkúrẹ́ tó fẹ́ wo ẹgbẹ́ ìlú ẹ̀ máa wọ mọ́tò gba ìlú Oǹdó, gba Òrè, ìrìn àjò tó lé ní 150 kìlómítà, kó tó dé ibi tí wọ́n ń pè ní ilé. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Nàìjíríà gba ife Áfíríkà ní South Africa, Godfrey Oboabona tó dúró lẹ́yìn fún wọn, Sunshine Stars ló ti lọ. Ẹgbẹ́ tó lè gbé èèyàn jáde báyẹn, tí ò sì ní ilé tó lè gbàlejò, ọ̀rọ̀ ẹ̀ á máa dun àwọn tó nífẹ̀ẹ́ ẹ̀ ni.

Òfin náà tún dá sí i. CAF ní láísẹ́nsì tí wọ́n ń fún kílọ́ọ̀bù kí wọ́n tó lè gbá ife ilẹ̀ Áfíríkà, ìbéèrè inú ẹ̀ ò mọ sórí ẹni tó ń gba bọ́ọ̀lù. Wọ́n á wo owó, wọ́n á wo òṣìṣẹ́, wọ́n á wo ìwé òfin, wọ́n á wo ètò tẹ́ ẹ ní fún àwọn ọmọdé, wọ́n á sì wo ibi tẹ́ ẹ ti ń gbá àti ibi tẹ́ ẹ ti ń ṣe tréníìnì. Wọn ò fi dandan lé e pé kẹ́ ẹ ni ibẹ̀ o, ẹ lè yá a, àmọ́ ìwé àdéhùn gbọ́dọ̀ wà. Ọ̀rọ̀ pé "bọ̀dá kan ló ń jẹ́ ká lò ó" ò lè wọlé síbẹ̀.

Ilẹ̀ tó tó báwo gan-an ni wọ́n nílò?

Púlọ́ọ̀tì la mọ̀ ní Àkúrẹ́, ẹ jẹ́ ká fi púlọ́ọ̀tì ṣírò ẹ̀. Púlọ́ọ̀tì kan, 60 ẹsẹ̀ bàtà sí 120, tó bí mítà 18 sí 36, ìyẹn 648 mítà onígun mẹ́rin. Pápá bọ́ọ̀lù tó péye jẹ́ mítà 105 sí 68, ìyẹn 7,140. Tẹ́ ẹ bá pín in, púlọ́ọ̀tì 11 ti lọ, ẹ ò sì tíì fi àyè sílẹ̀ fún ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù wọlé. Tẹ́ ẹ bá fi mítà márùn-ún kún ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ó ti di 14. Pápá mẹ́ta, púlọ́ọ̀tì 42. Ilé tí wọ́n á sùn sí ńkọ́, ibi tí bọ́ọ̀sì á ti yí, ilé jẹnẹrétọ̀, ọ̀nà? Tá a bá ní 60 púlọ́ọ̀tì, ìyẹn bí éékà mẹ́wàá, a ò tíì ṣe àṣejù.

Àwọn tó lówó lọ́wọ́ kò sí nínú ìṣírò wa yìí o. Kámpù Manchester City, éékà 80 ni, ti Leicester City ní Seagrave, éékà 185. Ẹ máa fi ọgọ́rùn-ún púlọ́ọ̀tì lọ́nà mọ́kànlá ṣírò ìyẹn, kẹ́ ẹ sì mí kanlẹ̀.

Ìdí tí mo fi ṣe ìṣírò yìí ni pé ó ti dáhùn ìbéèrè kan: àárín ìlú ò ṣeé ṣe láìwó ilé onílé. Láti Òkè-Àró dé Ìjàpọ̀, láti Ìsìkàn dé Alágbàká, níbo lẹ ti fẹ́ rí 60 púlọ́ọ̀tì tó so mọ́ra wọn? Àwọn tó ń sọ pé kó wà ní ìgboro, ohun tí wọ́n lè máa bèèrè tó mọ́gbọ́n dání ni pé kí wọ́n tún pápá tó wà nílẹ̀ ṣe, kí wọ́n fi pápá kékeré kan kún un. Ọ̀rọ̀ gidi nìyẹn, àmọ́ kámpù kọ́.

Ibo àti ibo làwọn èèyàn ń dárúkọ, kí sì ni ìdí wọn?

Ọ̀bà-Ilé ló pọ̀ jù lẹ́nu wọn, ní ọ̀nà pápákọ̀ òfurufú. Ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́jú ju ibòmíràn lọ, títì wà, bí ẹgbẹ́ bá fẹ́ fò lọ Kano tàbí Maiduguri, ìrìn díẹ̀ ni. Ohun tó ń bá a jà ni pé ibẹ̀ ti ń kún. Ẹsíteeti lọ́tùn-ún, ẹsíteeti lósì, bẹ́ ẹ bá rí ilẹ̀ tó ṣófo báyìí, ẹ sún mọ́ ọn, ẹ ó rí òpó sọ́fè nínú koríko. Ilẹ̀ tó ṣófo lójú yẹn, ẹnì kan ti sanwó ẹ̀.

Ìlárá-Mọ̀kín ni ẹlẹ́ẹ̀kejì, lápá Ìfẹ́dọ̀rẹ̀. Àwọn tó ń sọ ibẹ̀ ní ẹ̀rí kan tí mo fẹ́ràn: wọ́n ti ṣe pápá gọ́ọ̀fù síbẹ̀, yunifásítì Elizade náà sì wà níbẹ̀. Ẹni tó bá mọ bí gọ́ọ̀fù ṣe ń gba koríko tó sì ń gba omi á mọ̀ pé ilẹ̀ tó bá gba gọ́ọ̀fù á gba bọ́ọ̀lù. Àwọn tí ò fẹ́ ẹ ní ó jìnnà sí ọmọ tó ń gbé ní Ìjọ̀kà. Òótọ́ ni, ó jìnnà.

Ọ̀nà Ìdànrè, àwọn tó fẹ́ràn àwòrán ló ń dárúkọ ẹ̀ jù. Òkè máa wà lẹ́yìn, á dára nínú fídíò, mo gbà. Àmọ́ òkè yẹn kì í ṣe ojú nìkan ló wà, ó wà nísàlẹ̀ ilẹ̀ náà. Lápá ibẹ̀, ẹ lè gbẹ́ ilẹ̀ díẹ̀ kí ṣọ́bìrì ti ró gbàn-ín lórí àpáta. Láti tẹ́ pápá kan tó gùn ní mítà 105 sórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, kẹ́ ẹ ri páìpù tí omi òjò á gbà jáde sábẹ́ ẹ̀, ẹ̀yin àti katapílà lẹ jọ máa sọ̀rọ̀, bóyá pẹ̀lú ẹ̀tù tí wọ́n fi ń fọ́ òkúta.

Ọ̀nà Ìgbátòrò àti Ọ̀dà, ilẹ̀ pọ̀ níbẹ̀, àmọ́ oko kòkó ni. Mo máa padà sórí ìyẹn.

FUTA náà wà lára ohun tí wọ́n ń sọ, pé yunifásítì tó ti wà láti 1981 ní ilẹ̀ tó fẹ̀ ní Ọbánlá, kí wọ́n yá wọn díẹ̀ níbẹ̀. Àwọn kan máa ń fi èyí rẹ́rìn-ín, mi ò sì mọ ìdí, torí Arsenal gan-an, ilẹ̀ yunifásítì ìlú London ni wọ́n ti ń ṣe tréníìnì fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó kọ́ tiwọn sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, Chelsea náà lo ilẹ̀ Imperial College ní Harlington kí wọ́n tó kó lọ Cobham. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé ìjọba àpapọ̀ ló ni FUTA, ìpínlẹ̀ ló ni Sunshine Stars. Gómìnà ò lè kàn nàka sí ilẹ̀ yẹn kó ní ẹ gbé e fún mi. Àdéhùn ni wọ́n máa jọ kọ, ọdún mélòó, ta ló máa ro koríko, ta ló máa lò ó lọ́jọ́ tí àwọn sítúdẹ́ǹtì bá ní eré tiwọn.

Ìlú Oǹdó ni èyí tó máa ń di ìjà. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ìpínlẹ̀ yìí ní ìjọba ìbílẹ̀ 18, owó gbogbo wa ni wọ́n fi ń bọ́ ẹgbẹ́ yìí, kí ló dé tó fi jẹ́ pé Àkúrẹ́ ni gbogbo nǹkan ń dé sí? Àwọn ará Ọ̀wọ̀, Ìkàrẹ́ àti Òkìtìpupa náà ń sọ irú ẹ̀. Èsì àwọn ará Àkúrẹ́ ni pé kámpù kì í ṣe bọ́ọ̀sì tí wọ́n lè pín kiri, àti pé ẹgbẹ́ tó ń ṣe tréníìnì ní Oǹdó tó ń gbá eré ní Àkúrẹ́ máa fi ẹsẹ̀ jókòó sínú mọ́tò ju bó ṣe máa fi sáré lọ. Tèmi ni pé èsì yẹn dáa fún ẹgbẹ́ àgbà. Fún àwọn ọmọdé, kò dáa tó.

Ta ló ni ilẹ̀ gan-an, ṣé ìjọba lè kàn gbà á?

Ibí yìí lọ́ràn wà, ibí yìí náà la máa ń fò tá a bá ń jiyàn.

Òfin tí wọ́n ń pè ní Land Use Act, ti 1978, ló sọ pé gómìnà ló di gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ mú fún àwa ará ìlú. Ohun tí ẹ̀yin ní lọ́wọ́, ẹ̀tọ́ láti lò ó ni, ìwé C of O sì ni ẹ̀rí ẹ̀. Apá 28 òfin náà wá sọ pé gómìnà lè gba ẹ̀tọ́ yẹn padà tí ohun tó kan gbogbo ìlú bá bèèrè fún un. Nítorí náà, bẹ́ẹ̀ ni, ìjọba lè gbà á. Àmọ́ wọ́n gbọ́dọ̀ sọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe, wọ́n gbọ́dọ̀ fún ẹni tó ń lò ó ní ìwé, wọ́n sì gbọ́dọ̀ san owó gbà-má-bínú. Láti 1991 sì ni ilé-ẹjọ́ tó ga jù ní Nàìjíríà ti fi yé wa pé tí ohun tí wọ́n fi gbà á ò bá sí lára ohun tí òfin kà sílẹ̀, gbígbà yẹn ò ní ẹsẹ̀ nílẹ̀.

Ṣé pápá tréníìnì wá jẹ́ ti gbogbo ìlú? Níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé ìjọba ló ni kílọ́ọ̀bù, lọ́yà ìjọba á rí ọ̀rọ̀ sọ. Tí wọ́n bá wá ta ẹgbẹ́ náà fún oníṣòwò lọ́la ńkọ́, bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n ṣe? Ilẹ̀ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ìdílé kan ní orúkọ ará ìlú á wá di ti ẹnì kan. Èyí ló mú kí n máa sọ pé kẹ́ ẹ tó bèèrè ibi tí kámpù máa wà, ẹ kọ́kọ́ bèèrè orúkọ ta ló máa wà lórí ìwé ilẹ̀ náà. Ìjọba ìpínlẹ̀ ni àbí kílọ́ọ̀bù fúnra ẹ̀? Tó bá jẹ́ kílọ́ọ̀bù, ṣé kílọ́ọ̀bù jẹ́ nǹkan tó lè dá dúró níwájú òfin, àbí orúkọ kan lásán lábẹ́ ọ́fíìsì ni? Gómìnà kan lè kọ́ ọ, kí èyí tó ń bọ̀ sọ ibẹ̀ di ẹsíteeti.

Owó gbà-má-bínú yẹn náà, ẹ jẹ́ ká wò ó lójú. Apá 29 sọ pé ilé tẹ́ ẹ kọ́ àti ohun tẹ́ ẹ gbìn ni wọ́n ń san owó fún, ilẹ̀ lásán fúnra ẹ̀ ò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní iye, owó ilẹ̀ tẹ́ ẹ san lọ́dún yẹn ni wọ́n máa dá padà. Ẹ wá padà wá sí ọ̀nà Ìgbátòrò. Bàbá kan ní oko kòkó níbẹ̀, bàbá ẹ̀ ló gbìn ín. Oṣù kẹta 2024, tọ́ọ̀nù kòkó kan kọjá 10,000 dọ́là lọ́jà àgbáyé, ohun tí kò ṣẹlẹ̀ rí. Òótọ́ ni pé ó ti wálẹ̀ lẹ́yìn náà, àmọ́ bàbá ti fojú rí ohun tí igi yẹn lè ṣe. Ìjọba á wá gbé ìwé dé pé igi kọ̀ọ̀kan, iye báyìí báyìí, iye tí ọ́fíìsà wọn kọ sínú ìwé láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Igi tó ń so fún un lọ́dọọdún ni wọ́n ń san owó ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ṣé a lè bínú sí bàbá tó bá lọ pe lọ́yà? Ẹjọ́ ilẹ̀ nílẹ̀ wa sì rèé, ọmọ tó wà ní under-13 lónìí lè ti di kóòṣì kó tó parí.

Tórí èyí ni ọ̀pọ̀ àwọn tó mọ̀ nípa ilẹ̀ fi ń sọ pé kí wọ́n wo ilẹ̀ tí ìjọba ti gbà tẹ́lẹ̀ tó sì ti sanwó fún, ibi yòówù kó wà. Kò wu ojú, àmọ́ wọ́n lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ Mọ́ńdè.

Omi ńkọ́?

Kò sẹ́ni tó máa ń bèèrè èyí níbi tá a ti ń wo bọ́ọ̀lù, bẹ́ẹ̀ òun ló ń pa pápá ní tiwa. Ẹ̀ẹ̀rùn wa láti bí oṣù kọkànlá sí oṣù kẹta ni, koríko sì fẹ́ mu. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi omi tó jìn ní mìlímítà márùn-ún péré rin pápá kan, lítà tó lé ní 35,000 lẹ máa lò. Tánkì dúdú oní lítà ẹgbẹ̀rún tó wà lórí ilé yín yẹn, 36 nínú ẹ̀ lẹ máa tú sílẹ̀, fún pápá kan, lọ́jọ́ kan. Pápá mẹ́ta, ẹ ṣírò ẹ̀ fúnra yín.

Ilẹ̀ Àkúrẹ́ wá jẹ́ ilẹ̀ àpáta. Ẹni tó bá ti gbẹ́ bóòhóòlù níbí mọ̀ pé púlọ́ọ̀tì yín lè rí omi kí ti aládùúgbò gbẹ. Omi inú àwọn ibi tí àpáta ti sán ni wọ́n ń wá, kì í ṣe ibi gbogbo. Ó yẹ kí wọ́n ti fi ẹ̀rọ wo abẹ́ ilẹ̀ náà kí wọ́n tó fọwọ́ sí ohunkóhun. Ẹni tó bá wá ní kí wọ́n lọ sí ẹ̀gbẹ́ odò Àlá torí omi, ọ̀rọ̀ ẹ̀ dára nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Nígbà òjò, a ti rí ohun tí Àlá ń ṣe fún àwọn tó kọ́lé sún mọ́ ọn.

Àwọn tó ti ṣe é ṣáájú, báwo ni wọ́n ṣe mú ibi tiwọn?

Owó Anelka, agbábọ́ọ̀lù wọn, ni Arsenal fi kọ́ kámpù wọn ní London Colney. Wọ́n ta Anelka fún Real Madrid ní 1999, wọ́n ṣí kámpù náà lọ́dún kan náà, níta ìlú, níbi tí ilẹ̀ ti wà. Real Madrid ní tiwọn, ilẹ̀ kámpù wọn àtijọ́ ti di góòlù torí ìlú ti dàgbà yí i ká, wọ́n tà á ní 2001, owó tó lé ní 400 mílíọ̀nù yúrò, wọ́n fi san gbèsè, wọ́n sì kó lọ Valdebebas lẹ́bàá pápákọ̀ òfurufú. Àwọn ilé gogoro ló wà níbi tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù tẹ́lẹ̀. Ilẹ̀ tí òun àti ìjọba ìlú jọ fi ṣe pàṣípààrọ̀ wá di ẹjọ́ níwájú ìjọba Yúróòpù, wọ́n ní kí Real dá 18.4 mílíọ̀nù yúrò padà ní 2016, kóòtù fagi lé e ní 2019. Ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ ìjọba, kílọ́ọ̀bù àti ilẹ̀, kì í ṣe tiwa nìkan.

Èyí tó jọ tiwa jù lójú mi ni Liverpool. Ẹgbẹ́ àgbà wà ní Melwood, àwọn ọmọdé wà ní Kirkby, ìyẹn ni pé ọmọ tó ń tiraka ò kì í rí ẹni tó fẹ́ dà. Ní 2020 ni wọ́n kó gbogbo wọn pọ̀ sí Kirkby.

Nílé níbí, ẹ wo Ìkẹ́nnẹ́. Ìlú kékeré ni, kì í ṣe olú ìlú ìpínlẹ̀ kankan. Oníṣòwò kan, Kunle Soname, ló kọ́ ibi tí Remo Stars ń lò síbẹ̀, ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ wọn náà wà níbẹ̀, wọ́n sì gba líìgì NPFL ní sáà 2024/25. Àwọn ará Ìlárá-Mọ̀kín àti ìlú Oǹdó máa ń fi èyí jiyàn, wọ́n ní tí Ìkẹ́nnẹ́ bá lè ṣe é, kí ló mú àwọn? Àwọn ará Àkúrẹ́ á fèsì pé owó ara ẹ̀ ni ọkùnrin yẹn ná, kò bèèrè lọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀ 18. Àwọn méjèèjì ò purọ́.

Ọ̀rọ̀ ààbò ńkọ́?

Ní kúkúrú: ó wà níbẹ̀, kò sì kéré. Ní oṣù kejì 2021, wọ́n dá bọ́ọ̀sì Adamawa United lọ́nà lápá Benin sí Òrè. Kámpù tó bá wà nínú igbó, tí bọ́ọ̀sì kan náà ń gba ọ̀nà kan náà lójoojúmọ́ ní aago kan náà, ẹni tó bá ń ṣọ́ ọ ò ní wá a tì. Ògiri, iná, àti Àmọ̀tẹ́kùn tó wà nítòsí, owó nìyẹn náà, ó yẹ kó wà nínú ìṣírò.

Ta ló máa lè débẹ̀?

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan wà, ọmọ ọdún 13, wíńgà ni, ẹsẹ̀ òsì. Pápá ilé ìwé kan ni wọ́n ti ń ṣe tréníìnì láàárọ̀ Sátidé, kò ju ìrìn ìṣẹ́jú 15 lọ sí ilé wọn. Bàtà rẹ̀ wà nínú ọ̀rá dúdú, ó so ọ̀rá mọ́ ọwọ́, torí tó bá wọ̀ ọ́ lórí títì, eyín abẹ́ ẹ̀ á jẹ, kò sì sẹ́ni tó máa ra òmíràn. Mo dárúkọ àwọn ibi tí wọ́n ń sọ yìí fún un níkọ̀ọ̀kan, mo ní èwo ló wù ú. Kò bi mí nípa koríko, kò bi mí nípa òkè tàbí yàrá tí wọ́n ti ń gbé irin. Ó ní, "Àǹtí, ọ̀kadà débẹ̀, èló ni?"

Mo sọ iye tí mo rò fún un. Ó ní ṣé àlọ nìkan ni àbí pẹ̀lú àbọ̀.